Ewé Mẹ́rin Ìparí Ìwé

"Ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n rèé, mà," ni Ajẹ̀wé wí, ó sì gbé ìwé náà lé orí tábìlì kó dún gbì, kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ìkàwé lè gbọ́.

Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Orí mẹ́ta-mẹ́rin yí padà. Màmá Láíbìrì, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ náà, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ti ìwé ńlá kan sí i níwájú. Ìwé Èrò ni wọ́n ń pè é. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìtàn àròsọ kan tán gbọ́dọ̀ kọ èrò ọkàn rẹ̀ síbẹ̀ kó tó lè yá òmíràn. Òfin Màmá Láíbìrì nìyẹn, kò sì yẹ̀ ẹ́ fún ọmọ ọ̀gá àgbà pàápàá.

"Ẹ má sọ ìtàn inú rẹ̀ fún mi," ló máa ń wí. "Mo ti kà á kí wọ́n tó bí yín. Ohun tó ṣe yín nígbà tẹ́ ẹ kà á ni kẹ́ ẹ sọ." Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, yóò mú ọ̀kan nínú àwọn èrò náà, yóò sì kà á sókè fún gbogbo kíláàsì.

Ajẹ̀wé kọ́ ni orúkọ àbísọ ọmọbìnrin náà o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kíláàsì kìíní, torí bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ koríko ló ṣe ń jẹ ìwé: kò tíì wò ó dáadáa tó fi ń gbé e mì. Orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Fún ọdún méjì gbáko, èrò tirẹ̀ ni wọ́n ń kà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Èrò náà máa ń kún ojú ìwé kan dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà "àgbàyanu" kò sì ní í ṣàì fara hàn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Àfìgbà tí Ọmọ Télọ̀ dé.

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta ni ọmọbìnrin yìí wọlé sí kíláàsì wọn. Bàbá rẹ̀ ń ránṣọ ní iwájú ilé wọn, ní ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí ibùdókọ̀, torí náà kò pẹ́ tí orúkọ yẹn fi mọ́ ọn lórí. Kì í yára kàwé. Ìka ló fi ń tẹ̀ lé ìlà, ètè rẹ̀ á sì máa mì wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí Ajẹ̀wé kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín ló fi í rín.

"Ẹ wo ẹni tó ń fìka wá ọ̀nà nínú ìwé," ló sọ fún ẹni tó jókòó tì í. Ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan báyìí, Màmá Láíbìrì ṣí Ìwé Èrò, ó sì ka ohun tí Ọmọ Télọ̀ kọ:

"Nínú ìwé yìí, ìyàwó ilé kan kì í bá àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìgbéraga ni. Ìgbà tí mo kà á dé ìdajì ni mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà kì í bá wa sọ̀rọ̀. Lánàá, mo lọ jókòó tì í. Ó bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú."

Ó tán. Ọmọkùnrin kan tí kì í dákẹ́ nígbà ìdánwò pàápàá dákẹ́.

Ìlà márùn-ún! Nǹkan kan ta Ajẹ̀wé ní àyà, ó sì jókòó síbẹ̀. Òun kọ odindi ojú ìwé, ìlà márùn-ún péré ló wá gba ọjọ́ Ẹtì mọ́ òun lọ́wọ́. Owú ni. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín: owú ni, ó sì ki. Láti ọjọ́ náà, bí Ọmọ Télọ̀ bá rẹ́rìn-ín, inú á bí i. Bí ó bá dákẹ́, inú á tún bí i. Ó mọ ìgbà tó ń dé, ó mọ ìgbà tó ń lọ, ó mọ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ojú ìwé tó kà á dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọmọ Télọ̀ parí ìwé kejì, ó kọ ìlà mẹ́fà. Màmá Láíbìrì tún kà á, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ awò náà kò dọ̀tí.

Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì lọ. Bí ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ń bọ̀, Màmá Láíbìrì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé. Ẹni náà ni yóò máa ṣí i fún àwọn yòókù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó sì lè kó ìwé tó bá wù ú lọ sílé láìsí pé ẹnikẹ́ni ń kà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú yàrá kan, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kan, ni Ajẹ̀wé ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó jẹ́ alágbàfọ̀ níbẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà ni èyí tó bá ẹ̀rọ ìfọṣọ wá, tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ní ọlidé tó kọjá, Ajẹ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ò rí i pé kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe ohun ṣeréṣeré fún un.

"Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá sọ ẹni tó máa gba kọ́kọ́rọ́," ni Màmá Láíbìrì kéde. "Ẹni méjì ló wà lọ́kàn mi." Ojú rẹ̀ kan Ajẹ̀wé, ó kan Ọmọ Télọ̀, ó sì padà sórí tábìlì.

Ìwé kejìlélọ́gbọ̀n tí Ajẹ̀wé yá jẹ́ ìwé tín-ínrín kan nípa bàbá arúgbó tó ń tún aago ṣe. Bàbá yìí lé ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde nílé, ọdún méjìlá sì kọjá tí kò gbúròó rẹ̀. Ajẹ̀wé kà á tán láàárín ọjọ́ kan. Ó ń kà á bó ṣe ń jẹun, ó ń kà á nínú ọkọ̀, ó ń fo ìpínrọ̀ tó bá gùn, torí ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó mú un lọ sí ilé ìkàwé láti dá a padà. Kó tó yọ láti ẹ̀yìn àwọn pẹpẹ ìwé, ó gbọ́ ohùn Ọmọ Télọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé wọ́n ti dá ìwé bàbá tó ń tún aago ṣe yẹn padà?"

"Ọwọ́ Ajẹ̀wé ló wà," ni Màmá Láíbìrì fèsì.

"Màá dúró dè é, mà."

"Ìwọ náà! Ó dáa. Bó o bá lè kọ èrò tìrẹ nípa ẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé, ó dá mi lójú pé a máa gbádùn ẹ̀."

A máa gbádùn ẹ̀! Ta ni "a"? Ara Ajẹ̀wé gbóná láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni yìí fẹ́ gba ọjọ́ Ẹtì, ó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́, ìwé tó sì wà lọ́wọ́ òun gan-an ló tún fẹ́ fi gbà á. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé náà. Ó ku ewé mẹ́rin kó parí. Ojú ìwé tó ṣáájú wọn parí pẹ̀lú gbólóhùn yìí: "Ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀."

Ajẹ̀wé wúkọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìró ìwé tó ń ya, ó sì fa ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya. Ó ká wọn, ó tì wọ́n bọ àpò aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò burú, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Jẹ́ kó kọ ìkọkúkọ nípa ìwé tí kò lórí tí kò nídìí, kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà màá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ó jáde sí wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí ẹlòmíràn bá dá ìwé padà, Màmá Láíbìrì á ṣí i wò ní ewé kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á. "Tìrẹ kọ́ ni màá máa yẹ̀ wò," ló sọ fún Ajẹ̀wé, ó sì na ìwé náà sí Ọmọ Télọ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ajẹ̀wé wá jókòó, ó kọ èrò tirẹ̀ kún ojú ìwé kan. Ó fi gbólóhùn yìí parí rẹ̀: "Àgbàyanu ni ìparí ìwé yìí, n kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn ilé. Ohùn tó fi pè é kì í ṣe ohùn àlàáfíà.

"Kí lo kó sínú àpò aṣọ ilé ìwé ẹ?" Ìyá na ọwọ́ sí i. Nǹkan funfun kan tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mo ju aṣọ ẹ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì, mo ní kí n fi omi kan náà ṣe méjèèjì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì méjìlá ni ìdọ̀tí yìí lẹ̀ mọ́! Ọ̀gá ti bú mi bí ẹní bú ọmọ ẹ̀. Kí ni? Lẹ́tà ọkùnrin ni?"

"Rárá o, Màmá. Ìwé lásán ni."

"Ìwé lásán! Ìwé lásán ló wá so mí mọ́ ibí láti àárọ̀?"

Ajẹ̀wé kúnlẹ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀rún ìwé kúrò lára aṣọ. Níbi tó bá ti rí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí kò tíì parẹ́, á sáré fi ọwọ́ bò ó. Kò tún sí ohun tí gọ́ọ̀mù fẹ́ lẹ̀ mọ́.

Ó ṣì lè sọ òtítọ́ o. Àyè rẹ̀ tiẹ̀ yọ ní ọjọ́rú, nígbà tí Ọmọ Télọ̀ wá bá a níbi ẹ̀rọ omi.

"Ajẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́… mo fẹ́ bi ọ́ nípa ìwé yẹn. Ibi tó parí sí yẹn, ṣé ó yé ọ? Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ Ajé."

Ajẹ̀wé wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ jọ̀ọ́" yẹn, ìwà tútù yẹn gan-an, ló tún dá kún owú tó wà nínú rẹ̀. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. "Bó ṣe yé ọ ni kó o kọ ọ́," ló dá a lóhùn, ó sì gbé ike omi rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ajẹ̀wé ti jókòó sí iwájú, ó ń retí ẹ̀rín tí wọ́n fẹ́ rín. Màmá Láíbìrì ṣí Ìwé Èrò, ó ní èrò Ọmọ Télọ̀ lòun máa kà, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Òǹkọ̀wé yìí fi bàbá náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ìwé sì tán. Mo kọ́kọ́ bínú sí òǹkọ̀wé, mo ní ó rorò. Ìgbà tó yá, mo bi ara mi pé kí ló dé tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ pé kíkan ilẹ̀kùn yẹn ló le jù nínú gbogbo ohun tó ti ṣe rí. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Mo ka ibẹ̀ sí wọn létí níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ. Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ sílé ẹ̀gbọ́n wọn. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Mo ṣáà mọ̀ pé wọ́n kan ilẹ̀kùn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì gbà á. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Ajẹ̀wé nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kò gbé. Màmá Láíbìrì náà kò pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwé yìí ò parí síbẹ̀. Mú un wá."

Ọmọ Télọ̀ gbé ìwé náà fún un. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi ìka tọ ìdí ewé mẹ́rin tó ya. Ó wo káàdì tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó yá ìwé sí.

"Ajẹ̀wé, ìwọ lo kà á ṣáájú ẹ̀. Ṣé ìparí ẹ̀ wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn?"

Irọ́ kan sáré wá sí i lẹ́nu: kó ní kò sí. Ó ti ya ẹnu tán kó tó rí i pé Màmá Láíbìrì ti ṣí Ìwé Èrò sí ibòmíràn, ìka rẹ̀ sì wà lórí ibi tí Ajẹ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí pé àgbàyanu ni ìparí ìwé náà.

"Ó… ó wà níbẹ̀, mà."

"Ó dáa. Ewé lọ, orí tó kà á ò lọ. Dìde, kó o sọ ìparí ẹ̀ fún Ọmọ Télọ̀."

Ajẹ̀wé dìde. "Bàbá náà kan ilẹ̀kùn."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ọmọ ẹ̀ ṣí i fún un. Wọ́n… wọ́n dì mọ́ra wọn. Wọ́n sunkún."

"Ọmọ ẹ̀ kọ́ ló ṣílẹ̀kùn," ni Màmá Láíbìrì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọmọdé kan ni, ọmọ-ọmọ ẹ̀ tí kò rí rí. Ó bi í pé, 'Ta lẹ̀ ń wá?' Bàbá náà ò mọ ohun tó máa pe ara ẹ̀ fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ọjọ́ méjì ni mi ò lè jẹun dáadáa. Ìwọ ní o ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé, Ajẹ̀wé."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ojú gba Ajẹ̀wé tì. Ó ń wá ìwé kan lọ́kàn rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo nínú méjìlélọ́gbọ̀n, tó lè sọ ìparí rẹ̀ láìṣìnà. Ó rí méjì. Ó wá ẹ̀kẹta títí, kò rí i.

Kò sí ẹni tó tíì bi í pé ta ló ya ewé náà. Bó bá jókòó, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà parí sórí ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó rí i tí ẹnì kan ti ń wo Ọmọ Télọ̀ lójú tí kò dáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò jókòó.

"Èmi ni mo ya á, mà," ló wí. "Owú ni mo ń jẹ."

"Owú ta?" ni Ọmọ Télọ̀ bi í. Ẹnu yà á ní tòótọ́.

"Tìẹ."

"Tèmi kẹ̀? Ìwọ tí mò ń tẹ̀ lé! Ìwé tí mo bá rí orúkọ ẹ nínú káàdì ẹ̀ nìkan ni mò ń yá. Mo ní ẹni tó ti ka ọgbọ̀n ìwé á mọ èyí tó dáa. Níbi tá a ti wá, kò sílé ìkàwé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yan ìwé."

Bí Ọmọ Télọ̀ bá gbá a létí, ì bá sàn. Ajẹ̀wé bú sẹ́kún níwájú gbogbo kíláàsì.

Màmá Láíbìrì kò pariwo. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó fi í lé Ọmọ Télọ̀ lọ́wọ́. Ó ní ìwé kankan kò ní bá Ajẹ̀wé lọ sílé mọ́ títí ọlidé yóò fi parí. Inú ilé ìkàwé ni yóò ti máa kàwé, nígbà tí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ṣí i. Nítorí pé ìwé bàbá tó ń tún aago ṣe kò sí ní ọjà mọ́, òun yóò máa sọ ìparí rẹ̀ bó ṣe rántí rẹ̀, Ajẹ̀wé yóò máa fọwọ́ kọ ọ́, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ya.

Nílé, nígbà tí Ajẹ̀wé sọ gbogbo rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ìwé lásán, àbí?" ló wí. Nígbà tó yá ló wá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra. Kí ni ọmọ ọlọ́mọ gbà lọ́wọ́ ẹ?"

Ọlidé dé. Ní ọjọ́ kìíní, ìtìjú kò jẹ́ kó lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ. Ọmọ Télọ̀ kò mẹ́nu kan ohun tó ti kọjá; ó sún ìjókòó kan fún un, ó sì padà sídìí ìwé tirẹ̀. Ajẹ̀wé mú ìwé kan. Ó fẹ́ fo ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì tún padà sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ka ẹyọ ìwé kan náà. Nígbà tó tán, ó fa Ìwé Èrò mọ́ra, ó sì pẹ́ kó tó kọ ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí:

"Ní sáà tó kọjá, mo ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ni mò ń kà. Ọmọ Télọ̀ ni mò ń kà. Mò ń ṣọ́ ibi tó máa ti ṣubú. Mo ya ìparí ìtàn kan kó má baà rí i, èmi tí mo sì rí i, n kò ní i lọ́kàn. Ìwé yìí ni ìwé àkọ́kọ́ tí mo kà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owú ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó máa ń ní ohun ẹlòmíràn lòun fẹ́ bà jẹ́, ti ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló sì kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí ẹnì kejì yín bá mọ ohun kan ṣe jù yín lọ, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ kọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lòun náà ń wò.